PCOS àti ìwọ̀n ara: bí a ṣe lè bá a fà á ní Òṣogbo láì fi ebi pa ara wa

PCOS (polycystic ovary syndrome) ni àìsàn hòmóònù tó ń da ilé ẹyin àti nǹkan oṣù obìnrin rú. Obìnrin tó bá ní in tó sì sanra, ìmọ̀ràn tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kó dín oúnjẹ kù. Á dín in kù. Kò ní jẹ nǹkan kan láàárọ̀, á mu tíì kíkorò lọ́sàn-án, tó bá di alẹ́, ebi á kó o, á jẹ oúnjẹ ẹni méjì. Lẹ́yìn gbogbo ìyà yẹn, kílò kan lè má lọ, nǹkan oṣù náà ò sì tíì padà wá, àwọn ará ilé á tún ní ó ń jẹun ní kọ̀rọ̀. Aránṣọ ni mí, ẹ̀gbẹ́ Ọláìyá ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, èmi náà ní PCOS, mo sì ti fi téèpù wọn ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń la irú ẹ̀ kọjá débi tí mo fi mọ̀ pé ebi kọ́ ni oògùn ẹ̀. Àyẹ̀wò ló ṣáájú, abọ́ oúnjẹ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rírìn àti iṣan. Oògùn ní àyè tirẹ̀, dókítà ló sì ń sọ ọ́.

Ẹni tó lóyún, tó ń fọ́mọ lọ́mú, tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí àrùn kíndìnrín, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó yí oúnjẹ padà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò sọ ọ́

Gbogbo òròbó kọ́ ló ní PCOS, gbogbo ẹni tó ní in kọ́ ló sì sanra. Mo mọ lẹ́pa tó ní in. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nínú 100 obìnrin tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ, àwọn tó ní in lè tó 13, àti pé nínú 100 àwọn tó ní in, ó lè tó 70 tí kò mọ̀.

Ohun mẹ́ta ni dókítà ń wá, bí méjì bá sì ti pé lára àgbàlagbà, ó tó, bí wọ́n bá ti yọ àwọn àìsàn mìíràn tó jọ ọ́ kúrò. Àkọ́kọ́ ni nǹkan oṣù tó ń ṣe ségesège: tó ń dé kí ọjọ́ 21 tó pé, tó ń kọjá ọjọ́ 35, tàbí tí kò tó ẹ̀ẹ̀mẹjọ lọ́dún. Èkejì ni hòmóònù ọkùnrin tó pọ̀ jù. Èyí lè hàn lójú, bí irun àgbọ̀n, irun àyà, ìrorẹ́ tí kò lọ, irun orí tó ń já láàárín. Ó sì lè jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ti hàn. Ẹ̀kẹta ni scan tó fi hàn pé ilé ẹyin kún fún àwọn àpò omi kéékèèké. Ìlànà Rotterdam ti ọdún 2003 ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí wọ́n tún ìlànà àgbáyé ṣe ní 2023, wọ́n ní àgbàlagbà lè fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ AMH, hòmóònù kan tó ń ti ilé ẹyin wá, rọ́pò scan. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ dàrú tó sì ń hu irun bí ọkùnrin kò tiẹ̀ nílò scan kí wọ́n tó mọ̀. Ọmọdébìnrin tí kò tíì pé ọdún 8 láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan oṣù, ẹ má fi scan dá a lẹ́jọ́. Ilé ẹyin ọmọdé sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn àpò kéékèèké yẹn kì í ṣe fáíbírọ́ìdì, wọn kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹyin tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbó tí kò gbó tán ló wà nínú wọn. Mo ní láti sọ èyí torí pé mo ti rí ẹni tó gba èsì scan lọ́wọ́ tó ń sunkún bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Ẹ bèèrè fún àyẹ̀wò tárọ́ìdì, ẹṣẹ́ ọrùn tó ń tú hòmóònù síta, tí wọ́n ń pè ní TSH, àti ti prolactin, hòmóònù tó ń mú kí ọmú ṣe wàrà. Tárọ́ìdì tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa lè mú ara sanra kó sì da nǹkan oṣù rú, tí èèyàn á sì máa tọ́jú PCOS tí kò ní. Kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kí wọ́n wo ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ máa ń fò ni àyẹ̀wò ṣúgà oníwákàtí méjì. Ẹ óò sùn láì jẹun, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á fún yín ní omi glukósì 75 gíráàmù mu, wákàtí méjì lẹ́yìn náà, wọ́n á tún fa ẹ̀jẹ̀. Omi náà dùn débi pé ó ń rìn mí nínú. Ẹ má torí ìyẹn sá fún un: ṣúgà àárọ̀ lè dára kí ti wákàtí méjì má dára, èyí sì wọ́pọ̀ lára àwa tó ní PCOS. Ẹ mú iṣẹ́ ọwọ́ dání. Aṣọ tí mo fẹ́ fi ọwọ́ ká létí ni èmi máa ń gbé lọ.

Ní ìlú wa níbí, UNIOSUN Teaching Hospital, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní LAUTECH, ní àwọn dókítà tó ń tọ́jú àìsàn obìnrin tó ń rí sí i. Bí ó bá jẹ́ ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò lẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ lẹ́tà fún yín.

Ìdí tí ara kì í fi í fẹ́ gbọ́

Ẹni tó bá lóye èyí, kò ní máa bú ara rẹ̀ mọ́. Tí a bá jẹ ẹ̀bà tàbí ìrẹsì, ó ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlínì ni ara fi ń mú ṣúgà náà wọ inú iṣan àti ẹ̀dọ̀. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní PCOS, ńṣe ni ínsúlínì ń kanlẹ̀kùn tí onílé ò tètè dáhùn, nítorí náà ara á tú òmíràn síta, á tún tú òmíràn. Ṣúgà á wọlé nígbẹ̀yìn, àmọ́ ínsúlínì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ á ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ínsúlínì àpọ̀jù yìí ló ń ti ilé ẹyin pé kó máa ṣe testosterone, hòmóònù ọkùnrin yẹn, sí i. Òun náà ló ń mú kí ẹ̀dọ̀ dín purotéènì tó yẹ kó so testosterone mọ́lẹ̀ kù. Testosterone á gba ìta, ẹyin kò ní gbó, nǹkan oṣù kò ní wá, irun á hù ní àgbọ̀n, ọ̀rá á sì máa kó jọ síkùn. Ọ̀rá ikùn tún ń mú kí ínsúlínì má ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó yí po, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Dúdú tó máa ń yọ lẹ́yìn ọrùn àti ní abíyá, tí èèyàn á máa fi kànìnkànìn bó bíi pé ìdọ̀tí ni, àmì ínsúlínì tó pọ̀ ni. Ẹ fi awọ yín sílẹ̀. Bí ínsúlínì bá ti ń wálẹ̀, òun náà á máa ṣí díẹ̀díẹ̀.

Ibi tó tuni lára nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé a ò ní láti di lẹ́pa kí nǹkan tó yí padà. Ìdá 5 sí 10 nínú 100 ìwọ̀n ara ti tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn kí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í to, kí ẹyin máa bọ́, kí ṣúgà sì dára. Ẹni tó wọn 90 kílò, kílò 4 àti ààbọ̀ sí 9 nìyẹn. Ẹ fi oṣù mẹ́fà fún un. Ààbọ̀ kílò lọ́sẹ̀, ó ti dáa jù. Ọ̀sẹ̀ mìíràn á tiẹ̀ wà tí kò ní lọ rárá.

Ìgbésẹ̀ kejì: téèpù ṣáájú òṣùwọ̀n

Níbi tí mo ti mọ̀ jù rèé. Ẹ bọ́ aṣọ kúrò níkùn. Ẹ fi ìka wá egungun ìhà tó kéré jù lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wá orí egungun ìbàdí nísàlẹ̀ rẹ̀. Àárín méjèèjì ni téèpù máa gbà. Ẹ mí síta wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ má fa ikùn mọ́ra. Àwọn oníbàárà mi kò lè ṣe kí wọ́n má fà á, aṣọ sì máa ń tú wọn fó lọ́jọ́ òde. Téèpù á fara kan awọ láì fún un, á sì dọ́gba níwájú lẹ́yìn. Ẹ wo dígí, nítorí ẹ̀yìn ló sábà máa ń yọ̀ wálẹ̀.

Sẹ̀ǹtímítà 80, ìyẹn ínṣì 31 àti ààbọ̀, ni ìlà ìkìlọ̀ fún obìnrin. Bó bá ti kọjá 88, ewu ìtọ̀ ṣúgà àti àrùn ọkàn ti pọ̀ sí i. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Òṣùwọ̀n kílò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láàárọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀, ó tó. Ẹni tó ń gùn ún lójoojúmọ́, omi ara tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń wọ̀n, inú rẹ̀ á sì máa bàjẹ́ lásán. Téèpù sábà máa ń rí ìyàtọ̀ kí òṣùwọ̀n tó rí i, pàápàá lára ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá, nítorí iṣan ń wọlé bí ọ̀rá ṣe ń jáde.

Ọjọ́ tí nǹkan oṣù bá dé, ẹ fi bírò pupa yí i po lórí kàlẹ́ńdà. Kàlẹ́ńdà òkú tàbí ti ẹgbẹ́ tó wà lára ògiri yín ṣe é lò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kí ọbẹ̀ tóbi, kí òkèlè kéré

Àwọn tó ṣe ìlànà 2023 yẹ oríṣiríṣi ètò oúnjẹ wò, wọn ò rí ọ̀kan tó borí àwọn tó kù fún PCOS. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ má fẹnu kan iyán mọ́ láyé, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń sọ. Èyí tí ẹ bá lè ṣe pẹ́ lẹ ó mú, ó sì dá mi lójú pé ọmọ Òṣogbo kò lè fi ewé lẹ́túùsì àti àyà adìẹ gbé ọdún mẹ́ta.

Àwòrán abọ́ tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn, tí wọ́n pín sí ẹ̀fọ́ ìlàjì, ẹran ìdá kan nínú mẹ́rin, ìrẹsì ìdá kan nínú mẹ́rin, kò bá oúnjẹ wa mu. Òkèlè wa wà lábọ́ kan, ọbẹ̀ wà lábọ́ kejì. Ọwọ́ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Òkèlè kò gbọ́dọ̀ ju ìkúùkù yín kan lọ. Ẹ̀fọ́ sísè á kún àtẹ́lẹwọ́ méjì tí ẹ pa pọ̀. Ẹja, ẹran tàbí ẹyin á tó àtẹ́lẹwọ́ kan láì ka ìka mọ́ ọn. Fún ẹ̀bà, ẹ fi agolo mílíìkì wọn gààrí gbígbẹ kí ẹ tó da omi sí i. Agolo kan tí kò kún téńté ló tó ẹni kan. Ojú lásán á tàn yín jẹ, nítorí gààrí ń wú.

Ẹni tó bá fi òkèlè kékeré jẹ ọbẹ̀ kékeré, ebi á pa á lójú ọ̀sán, á wá ra búrẹ́dì. Nítorí náà ọbẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Bí mo ṣe ń se ẹ̀fọ́ rírò tí èèyàn mẹ́rin lè jẹ nìyí. Ìdì ńlá mẹ́rin, ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀. Mo máa ń rà á ní Ọjà Ọba láàárọ̀ kí oòrùn tó mú un rọ. Mo já a, mo fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́, mo fún un. Ata rodo, tàtàṣé àti àlùbọ́sà ni mo gún, n kì í lọ̀ ọ́ kúnná. Epo pupa, ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, mo fi ṣíbí wọ̀n ọ́n ní tòótọ́. Ṣíbí epo kan ní nǹkan bí 120 kálórì. Ẹni tó ń tẹ ìgò sórí ìkòkò kò lè mọ iye tó dà sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdajì kọ́ọ̀pù epo lè sọ ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ di oúnjẹ tó sanra ju òkèlè lọ. Irú tí mo ti ṣà òkúta rẹ̀ kúrò wọlé pẹ̀lú àlùbọ́sà, ata tẹ̀ lé e, kó dín títí omi rẹ̀ á fi gbẹ. Panla, edé àti ẹja Títùs tí mo ti yọ egungun rẹ̀ wọlé, ẹ̀fọ́ kẹ́yìn, ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Irú àti edé ló ń gbé adùn rẹ̀, kò ní jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé epo kéré.

Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé ẹran ló ń kẹ́yìn. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ yí i padà: ẹ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja díẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan òkèlè. Ṣúgà kì í gòkè tó bẹ́ẹ̀ tí a bá ṣe é báyìí, ikùn sì ń tètè yó. Kí àwọn ọmọ má bàa rò pé ẹ ti gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé, ẹ ṣàlàyé fún wọn.

Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nìyí. Ṣé kí n fi òkèlè wíìtì rọ́pò ẹ̀bà? Bí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀. Wíìtì náà, èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, sítáàṣì ni gbogbo wọn. Ìkúùkù méjì wíìtì pọ̀ ju ìkúùkù kan ẹ̀bà lọ. Ìrẹsì ńkọ́? Ọ̀fadà tí wọn ò bó kúnná dára ju ìrẹsì funfun lọ, ìkúùkù kan náà ni, kí ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìpápánu ńkọ́? Ẹ̀pà ẹ̀kún ọwọ́ kan, ọsàn kan, ẹyin sísè. Àgbálùmọ̀ nígbà tó bá dé.

Ẹ̀wà ni mo gbà yín níyànjú pé kó máa wọlé lójoojúmọ́. Ó ní purotéènì, ó ní fáíbà, ìyẹn okun inú oúnjẹ, tó ń mú kí ṣúgà rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì ń gbé èèyàn dé ọ̀sán. Mọ́ínmọ́ín ńlá kan tó ní ẹyin àti ẹja nínú, pẹ̀lú ẹ̀kọ kan, oúnjẹ àárọ̀ tó péye ni. Ẹ̀kọ kan ni mo wí o, kì í ṣe mẹ́rin. Àkàrà dára, àmọ́ epo rẹ̀ pọ̀; ẹ fi í sí òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ̀wà àti dòdò: kí dòdò jẹ́ ègé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tàbí kí ẹ fi ìdajì bọ́ọ̀lì rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí owó ẹran kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ kó yà sí Sábó, kó ra wàrà tàbí awara sóyà. Kó má dín in nínú epo púpọ̀.

Nípa ààwẹ̀: ìlú tí Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ ti ń gbé pọ̀ nìyí, ààwẹ̀ kan ò ní ṣaláì wà. Ààwẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í ba PCOS jẹ́, ìṣínu ló ń bà á jẹ́. Bí ẹ bá fi dàbínù kan tàbí méjì àti omi ṣínu, tí ẹ kírun, tí ẹ wá jẹ mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀fọ́, kò séwu. Ọ̀gì tí ṣúgà rẹ̀ nípọn, àkàrà mẹ́wàá, mínírà tútù àti ìrẹsì lẹ́yìn tàráwí, ìyẹn ló ń mú kí èèyàn jáde nínú Ramadan pẹ̀lú kílò mẹ́ta lórí. Sààrì oníẹ̀wà ló ń gbéni dé ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ń lo oògùn ṣúgà kó bi dókítà léèrè ṣáájú.

Òde ọjọ́ Sátidé kò ṣeé sá fún, iṣẹ́ mi gan-an ló ń wọlé nínú ẹ̀. Ẹ jẹ nǹkan kó tó di pé ẹ jáde. Tí oúnjẹ bá dé, ẹ mú mọ́ínmọ́ín àti ẹran, ẹ jẹ ìrẹsì díẹ̀, ẹ di ìyókù sínú ọ̀rá fún ọmọ ilé. Omi inú ike wà lórí tábìlì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ohun mímu

Èyí kúrú. Ẹ ka ẹ̀yìn ike. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ṣúgà 10 gíráàmù ló wà nínú 100 ml, ike 50cl ní 50 gíráàmù, ó lé ní kóró ṣúgà méjìlá. Mọ́ọ̀tì náà ní ṣúgà. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní ó ń fúnni kò yọ ọ́ kúrò. Sóbò tí ẹ sè nílé láì fi ṣúgà sí i, tó ní atalẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó, ó dùn. Bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ lè yí padà lóṣù yìí, ẹ fi mínírà sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹsẹ̀ àti iṣan

Iṣan ni ó ń gba ṣúgà jù nínú ara, iṣan tó bá sì ṣiṣẹ́ lè gba ṣúgà láì dúró de ínsúlínì púpọ̀. Ìdí nìyí tí eré ìdárayá fi wúlò kódà bí kílò kan ò bá lọ. Ìlànà náà ní ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún ìrìn kánmọ́kánmọ́. Ẹni tó fẹ́ kí ìwọ̀n ara wálẹ̀, kó fojú sí 250, ìyẹn ìṣẹ́jú 50 fún ọjọ́ márùn-ún. Ẹ lè gé e sí méjì. Kánmọ́kánmọ́ túmọ̀ sí pé ẹ lè bá èèyàn sọ̀rọ̀ àmọ́ ẹ ò lè kọrin. Kíkiri ọjà Ìgbóná, kí ẹ máa dúró ná ọjà níbi gbogbo, kò sí nínú ẹ̀.

Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú kòrópe kó tó dé ibi tí ẹ ń lọ. Láti Ọláìyá sí Òkè-Fìà láàárọ̀ kùtù, kí èéfín ọkọ̀ tó pọ̀, ó ṣeé rìn. Àwọn tó ń gbé lágbègbè Old Garage ní Freedom Park nítòsí. Ẹni tó bá ti tẹ̀ lé Arugbá rí láti ààfin dé etí odò lóṣù kẹjọ mọ̀ pé ìlú yìí kò sọnù nínú ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rírìn. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ìjókòó, ẹ dìde ní gbogbo ìdajì wákàtí. Èmi kì í gbé írọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi mọ́, ìkángun ṣọ́ọ̀bù lọ́hùn-ún ló wà.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lọ́jọ́ tí kò tẹ̀ léra, ẹ ṣiṣẹ́ iṣan. Kò gba owó jíìmù. Ẹ jókòó sórí àga onígi tó dúró dáadáa, ẹ dìde láì fọwọ́ ti nǹkan kan, ẹ jókòó padà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ẹ fọwọ́ méjèèjì ti ògiri, ẹ tẹ ìgbọ̀nwọ́ títí imú á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, ẹ tì padà, ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ẹ bu omi kún ike lítà 1.5 méjì, ẹ gbé e láti èjìká lọ sókè orí, ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ẹ sinmi, ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Tí èyí bá ti rọrùn, ẹ fi kún iye rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: oògùn, àgbo àti abẹ́rẹ́

Metformin ni orúkọ tí ẹ ó gbọ́ jù. Ó ń ran ínsúlínì lọ́wọ́. Dókítà sábà máa ń fi 500 mg lójúmọ́ bẹ̀rẹ̀, á sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Oúnjẹ ni kí ẹ fi lò ó, nítorí inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru wọ́pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì sábà máa ń rọlẹ̀. Ẹ má lọ rà á fúnra yín ní kẹ́mísìtì: ó yẹ kí wọ́n yẹ kíndìnrín wò ṣáájú, bí a bá sì lò ó pẹ́, ó lè dín fítámì B12 kù. Kì í mú kílò púpọ̀ lọ. Ó sì lè mú kí ẹyin padà máa bọ́, kí obìnrin tó rò pé òun ò lè lóyún sì lóyún. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó fètò sí i. Ẹni tó ń wá ọmọ, letrozole ni ìlànà fi ṣáájú láti mú kí ẹyin bọ́, lábẹ́ ojú dókítà.

Abẹ́rẹ́ tí àwọn olówó ń gún láti fi rù, bíi semaglutide, ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kan tó ní PCOS, àmọ́ ó wọ́n, ó yẹ kí wọ́n dá a dúró ó kéré tán oṣù méjì kí wọ́n tó lóyún, ayédèrú rẹ̀ sì wà níta. WHO kìlọ̀ nípa ayédèrú náà lóṣù kẹfà 2024. Ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń polówó lórí WhatsApp.

Tíì apanirù: ewé senna ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, oògùn ìyàgbẹ́ ni. Omi àti ìgbẹ́ ló lọ, ọ̀rá jókòó síbẹ̀. Àgbo ńkọ́? N kì í bú àgbo, ìyá mi fi tọ́ wa. Àmọ́ èyí tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, tó ní ọtí tàbí tí ẹni tó ń tà á pò mọ́ oògùn oyìnbó, lè ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́. Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún dókítà, ẹ má fi pamọ́. Bákan náà ni omi Ọ̀ṣun. Òrìṣà olómọyọyọ ni, ẹni tó bá ní ìgbàgbọ́ kó tọrọ ọmọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn awagóòlù ti sọ odò náà di pupa, ìjọba ìpínlẹ̀ ti kìlọ̀ pé ká má mu ún.

Ẹnu ayé, oorun àti ọkàn

Nílẹ̀ yìí, tí wọ́n bá fẹ́ yìn wá, wọ́n á ní, “O mà sanra o, ayé ń yẹ ọ́.” Tí a bá rù, “Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé kì í ṣe pé ọkọ ẹ ò tọ́jú ẹ?” Ẹ ti múra ìdáhùn sílẹ̀. “Dókítà ló ní kí n dín in kù, mà” ti tó, kò sẹ́ni tó ń bá dókítà jiyàn lójú agbo. Ní ilé ìyá ọkọ, níbi tí kíkọ oúnjẹ ti dà bí àfojúdi, ẹ kúnlẹ̀, ẹ ní, “Ẹ ṣeun mà, iyán yìí ti tó mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ẹ̀fọ́ yẹn kún un, ó dùn mọ́ mi lẹ́nu.” Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n á bu ẹ̀fọ́ tó pọ̀, pẹ̀lú ìdùnnú. Àwọn tó ń ní “bímọ kan, á lọ,” ẹ má dá wọn lóhùn. Ọmọ bíbí kì í wo PCOS.

Oorun wákàtí méje ń ṣe iṣẹ́ tí oúnjẹ nìkan kò lè ṣe. Ẹni tó bá ń hanrun gan-an, tí ọkọ ń sọ pé èémí rẹ̀ máa ń dúró lójú oorun, tó sì ń tòògbé ní ọ̀sán, kó sọ fún dókítà. Ìbànújẹ́ ọkàn àti jíjẹ àjẹkì ní kọ̀rọ̀ wọ́pọ̀ lára àwa tó ní àìsàn yìí. Àìsàn ni, kì í ṣe ìwà, ìtọ́jú sì wà fún un.

Ìgbésẹ̀ keje: bí ó bá dúró, àti ìgbà tí ó yẹ kí ẹ sáré lọ

Bí òṣùwọ̀n àti téèpù bá dúró fún oṣù kan, ẹ tún agolo gààrí àti ṣíbí epo wò kí ẹ tó dín nǹkan kan kù. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún padà láì mọ̀. Bí ìyẹn bá pé, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún ìrìn.

Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí nǹkan oṣù kò wá, tí kì í sì í ṣe oyún, ẹ lọ rí dókítà. Ara inú ilé ọmọ ń nípọn nígbà tí kò bá wó, bó bá sì ń rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ewu jẹjẹrẹ ilé ọmọ ń pọ̀ sí i. Oògùn wà tí wọ́n fi ń mú kó wó. Ẹ̀jẹ̀ tó ń kún páàdì kan ní wákàtí kan, ẹ má dúró di ọ̀la. Irun tó hù lójijì láàárín oṣù díẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó ń ki bíi ti ọkùnrin, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí PCOS, ẹ yára lọ.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń padà lọ rí dókítà, ẹ mú kàlẹ́ńdà tàbí fọ́tò rẹ̀ dání, iye tí téèpù sọ lóṣooṣù, àti orúkọ gbogbo ohun tí ẹ ń lò, àgbo wà nínú ẹ̀. Tí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí apá yín sì tóbi, ẹ fọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó lo báńdì tó fẹ̀. Èyí tó kéré máa ń gbé e ga ju bó ṣe wà lọ, wọ́n á sì kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ ò nílò fún yín.